Mo fẹ́ lọ kàwé ní gúúsù Íńdíà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ibẹ̀ ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ̀rọ̀

Àbúrò_Bàríga

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka nǹkan tẹ́ ẹ máa ń kọ síbí, òní ni màá kọ́kọ́ béèrè nǹkan. Obìnrin ni mí, mo gba àdímíṣọ̀n méjì fún másítà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Íńdíà, ìkan ní Chennai, ìkan ní Bengaluru, apá gúúsù ni àwọn méjèèjì, mo sì ní láti mú ọ̀kan kí oṣù yìí tó parí. UK ló wà lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀, ká má purọ́, àmọ́ nígbà tí èmi àti bàbá mi jókòó ṣírò owó ilé ìwé, tá a tún fi owó tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì kún un, bàbá mi kàn ń wò mí ni, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni wọ́n ní ní Ojúwòyè, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n tà á torí tèmi. Ti Íńdíà yìí, a lè dá a láìta nǹkan kan.

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ báyìí ni pé olúkálùkù nínú ilé ló ti ní ìmọ̀ràn tiẹ̀. Ìyá mi, fíìmù Íńdíà tí wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge nìkan ni wọ́n mọ̀, wọ́n ní ejò ló kún ibẹ̀. Àǹtí mi kan ní Agége ní wọ́n máa ń lu aláwọ̀ dúdú. Bùrọ̀dá mi tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn Íńdíà kan ní Ìlúpéjú ní tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn níbi iṣẹ́ ni wọ́n máa ṣe sí mi nílùú wọn, kí n yáa jókòó sí Lagos kí n wá nǹkan mìíràn ṣe. Mi ò wá mọ ti ẹni tí màá gbọ́, torí kò sí ìkankan nínú wọn tó débẹ̀ rí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ́kọ́ rí nígbà tẹ́ ẹ débẹ̀? Oúnjẹ ńkọ́, mo lè jẹ ata o, àmọ́ mi ò lè máa jẹ ewé láàárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́. Ṣé wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé mo lè rí iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ṣe kí n máa fi ran ara mi lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú yẹn, ṣé òótọ́ ni? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò mí lójú, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọmọ_Ìdúmọ̀tà

Àbúrò mi, o kú oríire o. Chennai ni èmi ti kàwé tèmi, ọ́sítẹ́ẹ̀lì ni mo gbé kí n tó padà sílé, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún ẹ.

Kọ́kọ́ gbàgbé fíìmù. Fíìmù tí ìyá ẹ ń wò yẹn, Híńdì ni wọ́n ń sọ nínú ẹ̀, apá àríwá ló ni Híńdì. Tó o bá dé Chennai, Tamil ni wàá máa gbọ́, Bengaluru ń sọ Kannada, Kerala ń sọ Malayalam, Hyderabad ń sọ Telugu, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní lẹ́tà tiẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó mọ ọ̀kan kà lè má mọ èkejì kà rárá. Àwọn Tamil ò sì ń fi ọ̀rọ̀ èdè wọn ṣeré. Ní 1965 tí ìjọba fẹ́ kí Híńdì nìkan di èdè iṣẹ́ ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló tú jáde sí títì, èèyàn kú sí i, nígbẹ̀yìn ìjọba fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ síbi tó wà. Ìdí nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì fi máa gbà ẹ́ ju Híńdì lọ níbẹ̀, má lọ máa fi owó ẹ kọ́ Híńdì lórí fóònù kó o tó lọ. Ní kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, àmọ́ wọ́n máa ń sáré sọ ọ́, ìró ẹ̀ sì yàtọ̀ sí tiwa, iwájú pátápátá ni mo máa ń jókòó sí níbẹ̀rẹ̀ kí n lè máa wo ẹnu olùkọ́. Etí á mọ̀ ọ́n tó bá yá. Àwọn náà kì í tètè gbọ́ tiwa, torí náà fara balẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ooru. O lè máa rò ó pé ọmọ Lagos ni ẹ́, kí ni ooru fẹ́ fi ẹ́ ṣe. Ooru Chennai lóṣù karùn-ún kì í ṣe ẹgbẹ́ ooru Lagos o, ó máa ń kọjá 40 dígírì, afẹ́fẹ́ òkun ò sì ní wọlé bọ̀rọ̀ àfi tó bá di ọ̀sán pọ́n. Òjò wọn náà ò bá tiwa mu, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ni òjò gidi máa ń rọ̀ níbẹ̀, ìgbà tí ọyẹ́ ti ń wọlé bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù kejìlá 2015, òjò yẹn pọ̀ débi pé omi bo pápákọ̀ òfurufú wọn, wọ́n tì í pa fún ọjọ́ mélòó kan. Tó bá tún wá di 2019, àwọn adágún tí ìlú ń pọn omi nínú ẹ̀ gbẹ, táńkà ló ń gbé omi kiri àdúgbò, àwọn èèyàn á to bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ dè é. Nítorí náà tó o bá ń wá ilé, béèrè nípa omi lọ́nà méjèèjì, ṣé ó máa ń wọlé, ṣé ó máa ń yọ. Ọmọ Lagos mọ ìbéèrè yẹn dáadáa.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀. Ó kéré létí, àmọ́ òun ni mo rò pé ó léwu jù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, torí apá ibi tí ojú ẹ máa kọ́kọ́ lọ tó o bá fẹ́ sọdá, ibẹ̀ kọ́ ni mọ́tò ti ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kún ibẹ̀ bámúbámú, auto ni wọ́n ń pè é, àní ọ̀dọ̀ wọn ni tiwa ti wá, Bajaj àti TVS tá à ń gùn ní Lagos, Chennai gan-an ni oríléeṣẹ́ TVS wà. Ẹni tó ń wà á á bù lé owó fún ẹ ní kété tó bá ti rí ojú ẹ. Fi fóònù pè é tàbí kó o dúnàádúrà kó o tó wọlé, kó o sì máa pè é ní anna, bí ìgbà tá à ń pe èèyàn ní bùrọ̀dá, inú wọn máa ń dùn sí i. Mẹ́tírò wà, láti 2015 ló ti ń ṣiṣẹ́, ó mọ́, ó sì ń dé lásìkò.

Ní ti oúnjẹ, fọkàn sí i pé ìrẹsì ni wàá máa jẹ. Idli láàárọ̀, ìrẹsì tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan, tí wọ́n jẹ́ kó kan díẹ̀ kí wọ́n tó fi ooru omi sè é, tàbí dosa tí wọ́n dà pẹlẹbẹ sórí irin gbígbóná, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní sambar. Lọ́sàn-án wọ́n á bu ìrẹsì sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á da ọbẹ̀ lóríṣiríṣi sí i, ọwọ́ ọ̀tún lo máa fi jẹ ẹ́, ìyẹn ò ní ṣe ẹ́ ní nǹkan kan. Ata wọn ta, àmọ́ kì í ṣe ata rodo àti tàtàṣé tá a mọ̀, àjàgbọn ló ń jẹ́ kó kan, ewé kan sì wà tí wọ́n máa ń dín sínú òróró, òórùn ewé yẹn wà lára gbogbo ilé. Tí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á da wàrà kíkan sórí ìrẹsì tó kù. Títí mo fi kúrò níbẹ̀ mi ò lè jẹ ìyẹn. Ẹran wà o, adìẹ, ewúrẹ́, ẹja ńláńlá torí ẹnu òkun ni ìlú yẹn wà. Ibi tí wọ́n bá kọ pure veg síwájú ẹ̀, má béèrè ẹyin pàápàá níbẹ̀. Tó o bá ra nǹkan inú páálí, wo àmì róbótó aláwọ̀ ewé, ó túmọ̀ sí pé kò sí ẹran tàbí ẹja nínú ẹ̀.

Kíláàsì ńkọ́, wọn kì í ṣeré pẹ̀lú wíwá sí kíláàsì. Ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀, tí wíwá ẹ ò bá pé 75 nínú 100, o ò ní jókòó fún ìdánwò, kó o ṣàìsàn kó o má ṣàìsàn, àfi tó o bá ní ìwé dókítà lọ́wọ́.

Àwọ̀ dúdú, wọ́n á wò ẹ́. Àwọn Tamil fúnra wọn dúdú, mo rí àwọn tó dúdú jù mí lọ, síbẹ̀ wọ́n á wò ẹ́ látòkè délẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọdé á fẹ́ fọwọ́ kan irun ẹ, àgbàlagbà á ní ẹ jẹ́ ká jọ ya fọ́tò. Èmi kà á sí pé wọn ò rí irú wa rí ni, mi ò gbé e sọ́kàn.

Ìyá_Ìbejì_Surulere

Ọmọ mi, mo kí ẹ, mo kí bàbá ẹ, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n jèrè ẹ. Èmi ò gbé Íńdíà o, àbíkẹ́yìn mi ló ń kàwé níbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Karnataka, èmi ni mo sì ń sanwó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó àti ti ìwé tèmi.

Iṣẹ́ tó o béèrè yẹn, mú un kúrò lọ́kàn. Físà akẹ́kọ̀ọ́ wọn ò fàyè gba kéèyàn máa ṣiṣẹ́ gbowó, kò rí bíi ti UK tàbí Kánádà tí ọmọ á kúrò ní kíláàsì táá lọ ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀. Ẹ́jẹ́ǹtì tó bá wa ṣe ìwé sọ fún wa pé ọmọ á máa rí iṣẹ́ ṣe, irọ́ gbuu ni, owó ti kúrò lọ́wọ́ wa ká tó mọ̀. Ẹni tó bá sọ irú ẹ̀ fún ẹ, má fún un ní kọ́bọ̀. Owó ilé ìwé ọdún méjèèjì, owó ibi tó o máa gbé, owó oúnjẹ, kí bàbá ẹ ti mọ ibi tí gbogbo ẹ̀ máa ti jáde kó o tó gbéra, torí náírà ò dúró lójú kan. Ohun tá a fi náírà ṣírò lọ́dún àkọ́kọ́, nígbà tó máa fi di ọdún kejì, ó ti di nǹkan mìíràn, mo ní láti bẹ olórí àjọ wa ní Tẹ́júoṣó kó jẹ́ kí n kó ṣáájú àkókò mi. Ọmọ á wà lọ́hùn-ún, kò ní lè ṣe nǹkan kan sí i, ìyẹn ló máa ń dun òbí jù.

Skọ́láṣíìpù wà, ICCR ló ń jẹ́, ìjọba Íńdíà ló ń fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, ti Áfíríkà náà wà níbẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti máa kọ̀wé béèrè fún un. Kò gba ẹ́jẹ́ǹtì.

Kó o tó sanwó kankan, wò ó bóyá ilé ìwé yẹn wà nínú ìwé UGC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso yunifásítì lọ́dọ̀ wọn. Má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ilé ìwé tó lórúkọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, IISc ní Bengaluru ti wà láti 1909, IIT Madras ní Chennai láti 1959, ìyẹn tún ti ṣí ẹ̀ka sí Zanzibar ní 2023, àmọ́ àwọn tí kò lórúkọ náà pọ̀, àwọn ẹ́jẹ́ǹtì sì fẹ́ràn wọn torí owó tí wọ́n ń rí gbà lórí ẹ.

Gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kó o sì gba káàdì ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, má rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lójú títì. Kó pé ọjọ́ 10 ó kéré tán kó o tó wọ bàálù. Tó o bá dé ọ̀hún láìní i, wọ́n lè tì ẹ́ mọ́bì kan títí di ọjọ́ 6. Tó o bá dé, láàárín ọjọ́ 14 lo gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FRRO, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ àwọn àjèjì sílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ilé ìwé á fún ẹ ní lẹ́tà tó o máa fi ṣe é. Ẹni tó gbà ẹ́ sílé náà ní fọ́ọ̀mù tó gbọ́dọ̀ fi sọ fún ìjọba pé àjèjì wà lọ́dọ̀ òun, Form C ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Tí lándílọ́ọ̀dù bá ní òun ò ṣe é, má gbé ibẹ̀. Kó o sì tọ́jú pásípọ́ọ̀tù ẹ dáadáa.

Ayọ̀_Bengaluru

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ Ìkòròdú ni mí, Bengaluru ni mo wà tí mò ń kọ èyí. Bùrọ̀dá Ìdúmọ̀tà, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín wúlò, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ti àwọ̀ dúdú yẹn, mi ò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin gbé ọ́sítẹ́ẹ̀lì, ọkùnrin sì ni yín. Ẹni tó bá jáde wá ilé fúnra ẹ̀ ló máa mọ̀. Mo máa ń pe èèyàn lórí fóònù, wọ́n á ní yàrá wà, wọ́n á ní kí n máa bọ̀, tí mo bá wá dé tí wọ́n rí ojú mi, yàrá ti tán. Ọ̀kan kò tiẹ̀ fi bò, ó ní àwọn kì í gba ọmọ Nàìjíríà, pé a máa ń ta oògùn olóró. Èmi tí mò ń ka ìwé lójoojúmọ́. Ó dùn mí gan-an, ó ṣì ń dùn mí, mi ò sì fẹ́ kí àbúrò wá síbí kó máa rò pé òun ló ṣe nǹkan tí wọn ò fẹ́.

Ohun tí àǹtí ẹ ní Agége gbọ́, ó ṣẹlẹ̀ rí. Ní ìparí oṣù kìíní 2016, ní Bengaluru níbí, ọkọ̀ ọmọ Sudan kan pa obìnrin kan ní títì. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin Tanzania kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá ibẹ̀ kọjá, kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn èèyàn ṣù bò ó, wọ́n lù ú, wọ́n ya aṣọ mọ́ ọn lára, wọ́n sun ọkọ̀ tó wà nínú ẹ̀. Torí pé àwọ̀ wọn jọra. Ìjọba mú àwọn kan, wọ́n sì dá àwọn ọlọ́pàá kan dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà ẹ́, kì í ṣe nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, mo ń jáde, mo ń wọ bọ́ọ̀sì, mò ń lọ ọjà. Mo sọ ọ́ torí pé tó o bá rí ibi tí èrò ti ń pé jọ tí wọ́n ń bínú, kò sí ohun tó yẹ kó o dúró wò níbẹ̀, kọjá lọ.

Àwọn tó dáa náà wà, wọ́n pọ̀. Obìnrin tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí, tí mo bá ṣàìsàn, òun ló máa ń se omi ìrẹsì gbé wá fún mi, ó sì máa ń bá àwọn aládùúgbò tó ń béèrè ìbéèrèkúbèérè nípa mi jà. Ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan tó fẹ́ kó jáde ni mo ti gba yàrá yẹn. Ọ̀nà tó dáa jù nìyẹn, gba yàrá lọ́wọ́ ẹni tó ń jáde, tàbí kó o gbé ọ́sítẹ́ẹ̀lì ilé ìwé fún ọdún àkọ́kọ́. Ní Bengaluru owó ìdógò tí lándílọ́ọ̀dù máa ń gbà lè tó rẹ́ǹtì oṣù mẹ́wàá, fi ìyẹn sínú ìṣirò ẹ. Ọ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin máa ń ti gẹ́ẹ̀tì lálẹ́, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tí ò bá tíì wọlé, ó máa ń bí àwa tá a ti dàgbà nínú, àmọ́ orí ẹ á balẹ̀ níbẹ̀ títí wàá fi mọ ìlú.

Oúnjẹ, àbúrò, ọkàn ẹ balẹ̀. Ní Karnataka yìí wọ́n ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní ragi mudde, irúgbìn wẹ́wẹ́ kan ni wọ́n lọ̀ tí wọ́n fi omi gbígbóná rò, ó dúdú bí àmàlà, wọ́n á yí i róbótó, wọn kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu, ṣe ni wọ́n ń gbé e mì. Ilá wà lọ́jà lójoojúmọ́, ó sì tutù. Mo máa ń ra ẹja, màá se ọbẹ̀ ilá, màá fi jẹ mudde, mi ò gbàdúrà fún èlùbọ́ mọ́.

Irun ni kó o múra sílẹ̀ fún. Irun Íńdíà tí wọ́n ń tà ní Balógun yẹn, apá ibí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti ń wá, ní tẹ́ńpìlì Tirumala ní Andhra Pradesh, àwọn olùjọ́sìn á fá orí wọn fún òrìṣà, tẹ́ńpìlì á sì lu irun náà ní gbàǹjo. Àmọ́ kó o rí ẹni tó máa di irun fún ẹ, iṣẹ́ ni. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń dì í kó o tó wá, tàbí kó o gé e mọ́lẹ̀. Mú òróró irun àti kírímù ẹ dání.

Owó náà, fóònù ni wọ́n fi ń san gbogbo nǹkan, UPI, ẹni tó ń ti tòmátì kiri lórí kẹ̀kẹ́ pàápàá ní ìwé tí wàá fi kámẹ́rà yà kó o tó sanwó. Ó dáa, àmọ́ àkáǹtì báńkì ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lò ó, ìyẹn á gba àsìkò díẹ̀ kó o tó ní in, torí náà mú owó tó máa tó ẹ ná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan dání. Afẹ́fẹ́ ibí tura, ìlú yìí ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 900, ooru tí bùrọ̀dá sọ yẹn ò sí níbí tó bẹ́ẹ̀. Lóṣù kejìlá, wàá wá súwẹ́tà lálẹ́.

Àlàbá_Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́

Mi ò mọ Chennai mi ò mọ Bengaluru, Thiruvananthapuram ní Kerala ni mo ti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, mo kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ kékeré kan torí mo rí i pé gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé oúnjẹ gúúsù Íńdíà ò ní nǹkan tiwa nínú. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ ní Kerala! Kappa ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sè é, wọ́n á gún un pọ̀ mọ́ àgbọn àti ata, wọ́n á fi ọbẹ̀ ẹja pupa jẹ ẹ́. Ọba kan tó jẹ ní Travancore, ilẹ̀ ọba tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn, láti 1880 sí 1885 ló gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n máa gbìn ín kí ebi má pa mẹ̀kúnnù, láti 1963 sì ni iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba kan ti wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́, iṣu, ọ̀dùnkún àti kókò ni iṣẹ́ ẹ̀. Wọn ò mọ gààrí ṣá. Ẹran màlúù náà ń bẹ ní Kerala, ní gbangba, kì í ṣe bíi ti ibòmíràn. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹfà, ó dà bíi pé kò ní dá mọ́, bàtà á bu, aṣọ ò ní gbẹ.

Tó o bá sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, apá Malappuram àti Kozhikode ní Kerala, wọ́n ya wèrè bọ́ọ̀lù, ti ẹlẹ́ni méje ni wọ́n ń gbá lálẹ́ pẹ̀lú iná, wọ́n sì máa ń gba àwọn ọmọ Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn tó ń pariwo orúkọ aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú ìfẹ́. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ilé yẹn, òótọ́ ló sọ, mi ò jiyàn, àmọ́ ibi kan yàtọ̀ síbi kan.

Àbúrò_Bàríga

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an, mo kà á fún ìyá mi látòkè délẹ̀. Ti ẹ̀gẹ́ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n jókòó, ti ọmọ Tanzania ló jẹ́ kí wọ́n dìde padà, a ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ìyá Ìbejì, mo ti sọ fún bàbá mi pé kò sí iṣẹ́, a ti tún owó yẹn ṣírò, ó ṣì ṣeé ṣe, àmọ́ kò ní sí àyè ìnákúnàá. Àǹtí Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, èwo lẹ máa mú? Ti Chennai ní ọ́sítẹ́ẹ̀lì fún obìnrin àjèjì nínú ọgbà, owó ẹ̀ sì wà nínú owó ilé ìwé. Ti Bengaluru ò ní, wọ́n ní kí n wá ilé fúnra mi, àmọ́ gbogbo èèyàn ló ń sọ pé Bengaluru ni ìlú kọ̀ǹpútà.

Ayọ̀_Bengaluru

Lọ sí Chennai. Bengaluru ni mò ń gbé, mo fẹ́ràn ẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá bí Infosys àti Wipro wà níbí lóòótọ́, àmọ́ físà ẹ ò ní jẹ́ kó o ṣiṣẹ́ fún wọn, kí ni ìlú kọ̀ǹpútà fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń wá yàrá kiri nínú òjò? Ìwé kan náà lo máa kà. Tó o bá wà nínú ọgbà, fọ́ọ̀mù ẹni tó gbà ẹ́ sílé yẹn, FRRO, oúnjẹ, ààbò, ilé ìwé ló máa bá ẹ ṣe gbogbo ẹ̀. Tó o bá fẹ́ rí Bengaluru, rélùwéè wà, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 350 lọ, wá sọ́dọ̀ mi nígbà ọlidé, màá se ọbẹ̀ ilá fún ẹ. Kó o tó sanwó ṣá, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ẹ ní nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin Áfíríkà kan tó ń gbé ọ́sítẹ́ẹ̀lì yẹn báyìí, kó o bi í bó ṣe rí. Tí wọn ò bá lè rí ẹnì kan ṣoṣo, kọ sí mi, ká jọ wádìí wọn.

Ìyá_Ìbejì_Surulere

Mo fara mọ́ ohun tí Ayọ̀ sọ. Nígbà tó o bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, Addis Ababa tàbí Doha ni ọ̀pọ̀ ń gbà láti Lagos, wo wákàtí tó máa balẹ̀, mú èyí tó máa dé lójúmọmọ, kó o sì kọ̀wé sí ilé ìwé kí wọ́n rán ẹni wá pàdé ẹ. Gbogbo ìwé ẹ, lẹ́tà àdímíṣọ̀n, yẹ́lò káàdì, ìwé owó tó o san, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú èyí tí wọ́n máa kó sábẹ́ bàálù. Ṣáájà wa ò ní wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, ẹsẹ̀ róbótó mẹ́ta ni tiwọn ní, ra èyí tí wọ́n fi ń so ó pọ̀ ní Kọ̀ǹpútà Fílléèjì kó o tó lọ. Kó o sì sọ fún ìyá ẹ pé aago ọ̀hún fi wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ṣíwájú tiwa, kí wọ́n má máa pè ẹ́ láago mẹ́wàá alẹ́, aago méjì ààbọ̀ òru ni lọ́dọ̀ ẹ nígbà yẹn.